Wọ́n ń ta lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù lórúkọ graphene!

Jìbìtì kì í ṣe ti ọjà èlùbọ́ nìkan o. Ó ti dé ibi táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń rajà.

Lọ́dún 2004, Andre Geim àti Konstantin Novoselov, ní Yunifásítì Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú graphite, ìyẹn ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsù. Wọ́n ń fi téèpù bó o ní ìpele-ìpele títí tó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ìpele kan yẹn ni wọ́n ń pè ní graphene, iná mànàmáná sì ń sáré gba inú ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Òun ló gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn lọ́dún 2010.

Làwọn oníléeṣẹ́ bá gbọ́. Ṣé ẹ rí i, ọ̀pọ̀ wáyà òde òní kì í ṣe wáyà mọ́, ínkì ni. Wọ́n á po ínkì tó ki bí ọṣẹ ìfọyín, wọ́n á fi síkírìnì tẹ̀ ẹ́ sórí ike tàbí bébà, bí wọ́n ṣe ń tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sára ẹ̀wù, wọ́n á wá fi ooru gbẹ ẹ́. Fàdákà ni wọ́n fi tẹ ọ̀pọ̀ ìlà tín-ín-rín ojú páánẹ́lì sólà. Dúdú abẹ́ bọ́tìnnì rìmóòtù, kábọ́ọ̀nù ni. Fàdákà ń gbéná dáadáa, àmọ́ owó ẹ̀ ga. Kábọ́ọ̀nù ò wọ́n, àmọ́ kò gbéná tó fàdákà. Àárín àwọn méjèèjì ni wọ́n fẹ́ kí graphene bọ́ sí.

Pípo ẹ̀ gba ọgbọ́n. Àwọn ẹ̀rún graphene gbọ́dọ̀ fara kanra kí iná tó kọjá. Bí gọ́ọ̀mù tó so wọ́n pọ̀ bá pọ̀ jù, ọ̀nà dí nìyẹn. Bí kò bá tó, ṣe ni yóò máa ṣí kúrò.

Bí èròjà ọ̀hún fúnra ẹ̀ bá wá jẹ́ gbájúẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún 2018, Novoselov kan náà wà lára àwọn tó gbé àbájáde àyẹ̀wò jáde láti Singapore. Ọjà iléeṣẹ́ 60 ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú èyí tó pọ̀ jù, graphene tó wà níbẹ̀ kò tó 10 nínú 100! Graphite lásán ló kún un. Bẹ́ẹ̀, ìlànà ISO tó wà káríayé ti fi ìpele 10 pààlà: èyí tó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe graphene.

Ẹni tó bá fi irú ẹ̀ po ínkì, iná ò ní kọjá bó ṣe rò. Yóò máa pariwo pé graphene ò ṣiṣẹ́, nígbà tí kò tíì rí graphene rà. Orúkọ ọjà gidi ló ń bà jẹ́ yẹn. Kì í ṣe pé graphite burú o, iṣẹ́ tiẹ̀ wà. Ohun tó burú ni kéèyàn fi owó gọbọi ra ohun inú pẹ́ńsù.

Lójú lásán, lúbúlúbú dúdú ni gbogbo wọn. Gbogbo alángbá ló dákùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Kí ẹni tó fẹ́ rà á yáa béèrè èsì àyẹ̀wò kó tó kówó sílẹ̀.