Ganvié: Ta Ni À Ń Sọ Ìtàn Náà Fún?

Bí ọkọ̀ òkun àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ bá gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu, kì í pẹ́ tí àwọn kan nínú èrò rẹ̀ fi ń dé Ganvié, ìlú orí ọ̀sà Nokoué. Ìwé tí wọ́n kà ní èdè tiwọn ti sọ fún wọn bí àwọn Tofinu ṣe sá wọ inú omi nítorí àwọn akónilẹ́rú Dàhómì.

Àgbẹ̀ Sákété ńkọ́, tàbí ìyá oníṣòwò láti Pobẹ̀ tí ó fi owó àjọ rẹ̀ rin ìrìn-àjò afẹ́ àkọ́kọ́? Yóò wọ ọkọ̀ ní Calavi, àyà rẹ̀ yóò já díẹ̀ (ẹni tí ó dàgbà lórí ilẹ̀ pupa, báwo ni kò ṣe ní bẹ̀rù omi?), yóò rí àwọn obìnrin tí ń ná ọjà nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí afinimọ̀nà bá ń sọ Faransé nìkan, ojú rẹ̀ ni yóò rìnrìn-àjò, etí rẹ̀ yóò kù sílé. Bẹ́ẹ̀ ìtàn náà kàn án: ìjọba Dàhómì yìí kan náà ni ó pa Kétu, aládùúgbò Pobẹ̀, run ní 1886.

Ìwé pélébé kan ní Yorùbá, àti ọ̀dọ́ kan tí ó lè sọ ọ́ fún èrò, kò ju agbára àwọn tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ lọ.