Nọ́ọ̀sì, Ọmọláńgidi, àti Ìṣẹ́jú Kan

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Odògbolú ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, a sì ti kà á ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ìyá àgbà kan ni ó kọ ọ́ nítorí ọmọbìnrin rẹ̀, tí í ṣe agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kan tí àwa kì yóò dárúkọ. Ọmọ náà lọ sí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan lórí bí a ti ń mú kí ọmọ tuntun tí kò mí lè mí. Ó yege, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí, ìyá rẹ̀ sì fi í sínú gíláàsì, ó gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní òru, a bí ọmọ kan tí kò ké. Agbẹ̀bí wa mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, ṣùgbọ́n ó ní ńṣe ni ọwọ́ òun dàbí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ìbomú kò bá ojú ọmọ mu, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde, nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà yóò sì fi sáré dé, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ọmọ náà kò yè. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sọ pé òun yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá béèrè pé, kín ni ìwúlò ẹ̀kọ́ tí kò lè gba ènìyàn ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀?

Ìyá wa, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ìbéèrè yín kì í ṣe ti aláìmọ̀kan rárá. Òun gan-an ni àwọn amòye ti ń bi ara wọn léèrè, àwọn kan sì ti wá ìdáhùn rẹ̀ dé inú yàrá ìgbẹ̀bí.

Nínú ọmọ 100 tí a bá bí, bí 10 ni ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ kí èémí wọn tó dúró dáadáa. Fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, bí a bá fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n, tí a sì fi ọwọ́ ra wọ́n lẹ́yìn, ó ti tó. Àwọn tí ó kù ni a ń fi àpò rọ́bà àti ìbomú fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú, bí ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú kan, kí ojú sì máa wo àyà bóyá ó ń gbé sókè. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé lẹ́yìn ìbí. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Èlíṣà àti ọmọ obìnrin ará Ṣúnémù kò ní sọ pé nǹkan àjèjì ni a ń wí. Ní ilẹ̀ wa Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba ti ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 1000 tí a bí láàyè, 39 ni ó ń kú kí oṣù kan tó pé, àìrí èémí mí nígbà ìbí sì wà lára ohun tí ó ń pa wọ́n jù.

Ní ọdún 2010 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn, gbé ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀ fún àwọn agbẹ̀bí níbi tí ohun èlò kò pọ̀. Helping Babies Breathe ni wọ́n pè é, èyíinì ni ríran ọmọ lọ́wọ́ láti mí. Ọmọláńgidi ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ Laerdal ti Stavanger ní Norway, tí ó ti ń ṣe ọmọláńgidi àgbà fún irú iṣẹ́ yìí láti ọdún 1960, ni ó ṣe é. A ó rọ omi sínú rẹ̀ kí ó lè wúwo lọ́wọ́ bí ọmọ tòótọ́.

Wàyí o, ilé ìwòsàn ìjọ Lútẹ́rì kan wà ní Haydom, ní ìgbèríko apá àríwá Tànsáníà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, wọ́n kọ́ àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀ ní ẹ̀kọ́ náà fún ọjọ́ kan, gẹ́lẹ́ bí ti ọmọ yín. Nígbà tí wọ́n tún dán wọn wò lórí ọmọláńgidi ní oṣù méje lẹ́yìn náà, èsì rẹ̀ dùn mọ́ni: kí ẹ̀kọ́ tó dé, 18 péré nínú 100 ni ó yege nínú bí a ti ń fún ọmọ ní èémí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n di 74. Bí wọ́n bá dúró níbẹ̀, wọn ì bá ti kọ̀wé pé ẹ̀kọ́ náà ṣe rere, kí wọ́n sì máa yọ̀. Àmọ́ ilé ìwòsàn yìí ní àwọn òǹṣọ́ tí ń dúró nínú yàrá ìgbẹ̀bí tọ̀sán-tòru, tí wọ́n ń kọ ohun tí a ṣe fún ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Ìwé àwọn òǹṣọ́ ni ó tú àṣírí. Lórí ibùsùn, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti igbe gbé wà, iye ọmọ tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú kò yí padà, fífi ọwọ́ ra ọmọ lẹ́yìn tilẹ̀ dínkù. Wọ́n mọ̀ ọ́n lórí ọmọláńgidi, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn.

Ìyá wa, ẹ rí i pé ọmọ yín kò dá nìkan wà.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ ohun tí ó kù. Láti oṣù kejì ọdún 2011, wọ́n gbé ọmọláńgidi wá sínú yàrá ìgbẹ̀bí gan-an, wọ́n sì ní kí àwọn agbẹ̀bí máa ṣe ìdánrawò ní méjìméjì, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ara wọn ni ó ń ṣe olùkọ́ ara wọn. Ní ọdún tí ó ṣáájú èyí, ọmọ bí 11 nínú 1000 ni ó ń kú láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́; ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó bọ́ sí bí 7. Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí ó wú wa lórí: iye ọmọ tí a fi ọwọ́ rà lẹ́yìn pọ̀ sí i, iye àwọn tí ó di dandan kí a lo ìbomú fún sì dínkù láti 7.3 sí 5.9 nínú 100. Lójú tiwa, ọwọ́ àwọn agbẹ̀bí yára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi mí kí ìbomú tó kàn wọ́n.

Ẹnìkan lè jiyàn pé ọdún kan àti èkejì kì í ṣe ọgbọọgba, pé ohun mìíràn lè ti yí padà láàárín wọn. Òótọ́ ni, a kò sì ní bá a jà. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní Tànsáníà kan náà, ìròyìn tí ó jáde ní ọdún 2013 sọ pé ikú ọmọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ti 13.4 wá sí 7.1 nínú 1000 lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ náà dé. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ náà ni ó burú, bí kò ṣe pé a fi ọjọ́ kan ṣe é, a sì gbàgbé rẹ̀.

Ará Odògbolú tí ó bá ti yan gàrí rí yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ wa. Kò sí ẹni tí ó lè fi ẹnu kọ́ ọmọ bí gàrí ti ń jinná. Ọwọ́ ni ó ń mọ̀ ọ́n, láti inú yíyan ní ọjọ́ gbogbo. Ẹgbẹ́ akọrin pàápàá kò jẹ́ dìde ní ọjọ́ Kérésìmesì kọ orin tí wọ́n kọ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn láì tún un kọ. Síbẹ̀, ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rí irú iṣẹ́ yìí ń lò kí wọ́n tó ní kí nọ́ọ̀sì padà wá, bẹ́ẹ̀ ni láàárín oṣù mélòó kan ni ọwọ́ ti ń gbàgbé.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ó tọ mátírọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún dánra wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Kí wọ́n gbé àpò àti ìbomú kọ́ sí ibi tí ojú ń tó, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti lọ sílé. Kí wọ́n sì ní ìwé kan tí wọn yóò máa kọ ọ́ sí: iye ọmọ tí kò ké, ohun tí a ṣe, ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀, àti bí ó ti yọrí sí. Ìwé yìí ni yóò sọ bóyá ẹ̀kọ́ ń so èso, kì í ṣe ti ara ògiri. Bí ilé ìwòsàn bá ní kò sí owó ọmọláńgidi, àwa kò rí ìdí tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ, tí ó ń rí owó ra aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, kò fi lè dáwó ra ẹyọ kan.

Ní ti òru ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán fún yín, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láì dá a lẹ́jọ́. Lẹ́yìn tí ó bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù kan, ẹ tún kọ̀wé sí wa. A ń retí lẹ́tà yín.