Mo Gé Ìdí Alùpùpù, Ìyàwó Mi Ní Níbo Lòun Máa Jókòó

Àwọn tó pè mí lẹ́yìn ìwé tó kọjá ní kí n sọ bí ọ̀rọ̀ alùpùpù tí mo rà ṣe já sí. Ó dáa. Màá sọ ọ́, ibi tí mo ti gọ̀ níbẹ̀ náà, mi ò ní fi pamọ́.

Honda Shadow ACE 750 ni alùpùpù náà, ti ọdún 2002. Àlòkù ni. Mo rà á lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan níbí ní Houston tí orúnkún ò jẹ́ kó gùn ún mọ́. Ẹ má fi wé ọ̀kadà ilé o. Èyí wúwo tó ọ̀kadà méjì, ẹsẹ̀ èèyàn sì máa ń nà síwájú lórí ẹ̀ bíi ti ẹni tó jókòó nínú àga ìgbafẹ́. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ dáa, ṣéènì ẹ̀ dáa. Ìdí ẹ̀ nìkan ni ò wù mí. Mọ́dígáàdì ẹ̀yìn gùn, ó tún tẹ̀ wálẹ̀, iná àti nọ́ńbà wá so rọ̀ sí i bí àgbébọ̀ adìẹ tó ń wọ́ ìrù nínú ẹrẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń gé ìdí alùpùpù wọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àṣà náà gbilẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ogun padà wálé: wọ́n á gé mọ́dígáàdì kúrú, wọ́n á tú ohunkóhun tí ò ran ìrìn lọ́wọ́ dànù, kó lè fúyẹ́. "Bobber" ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá gé ìrù ẹṣin kúrú. Lọ́dọ̀ tiwa nílé, òdìkejì ni. Ọlọ́kadà á fa ìjókòó gùn sẹ́yìn ni, kí èrò lè wọ̀ ọ́. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni mo tó rántí ìyẹn.

Kí n tó fi gíráńdà kan irin, mo ta epo díẹ̀ sílẹ̀ fún Ògún, mo ní kó má gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo tú okùn bátìrì. Mo fi páálí ya ìlà, mo lẹ téèpù yí i ká, torí bí gíráńdà bá yọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, ọ̀dà tí a ò fẹ́ gé ló máa họ. Ínṣì mẹ́rin àti ààbọ̀ ni mo gé kúrò. Mo fi fáìlì ra ojú ibi tí mo gé, mo kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀rinrin Houston yìí ò mọ àlejò: irin tí ẹ bá fi sílẹ̀ ní ìhòòhò sùn, ó ti ń dípẹtà kílẹ̀ tó mọ́. Mi ò fọwọ́ kan àwọn ọ̀pá irin tó di mọ́dígáàdì mú lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ló ń gbé ìwúwo ẹni ẹ̀yìn, páànù mọ́dígáàdì lásán ò lè gbé èèyàn.

Tíráfíkétọ̀ fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Mo fi LED kékeré rọ́pò ti àtijọ́, mo tan án, ló bá ń ṣẹ́jú wàràwàrà bí ojú tí iyanrìn kó sí. Mo rò pé mo ti da wáyà rú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ ń fa iná tó nǹkan bíi wáàtì 21 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, rìléè tó ń mú un ṣẹ́jú sì mọ̀ ọ́n mọ́ bẹ́ẹ̀. LED ò fa tó ìyẹn rárá, ni rìléè bá gbà pé gílóòbù kan ti kú, ó ń ké sí mi. Àwọn kan máa ń so rẹ̀sítọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìyẹn máa ń gbóná. Rìléè tí wọ́n ṣe fún LED ni mo rà, ọ̀rọ̀ parí. Nọ́ńbà náà, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi iná funfun kékeré sí i lórí, torí òfin Texas ní ó gbọ́dọ̀ ṣeé kà lálẹ́ láti ẹsẹ̀ bàtà 50.

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Mi ò dúró. Mo tún ra ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tó fi ínṣì méjì kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ìdí ẹ̀ lè sún mọ́ ilẹ̀. Ó rẹwà lójú mi. Mo rí i pé sítáńdì ti wá gùn jù fún un, ó dúró ṣánṣán bí ẹni tí atẹ́gùn máa tì ṣubú. Àmì nìyẹn, mo wò ó, mo kọjá lọ.

Ìyá Ìbejì jáde wá sí gáréèjì. Ó wò ó yí po.

"Bàbá Ìbejì, ó dáa o. Níbo wá ni kí èmi jókòó sí?"

Ìjókòó ẹnìkan ni mo ti fi síbẹ̀. Ojú tì mí. Mo yára wá tìmùtìmù kékeré kan, mo fi bóòtù gígùn mẹ́rin dè é mọ́ orí mọ́dígáàdì. Òfin ibí ní alùpùpù tó bá máa gbé ẹni méjì gbọ́dọ̀ ní ibi ìtẹ́sẹ̀ àti ibi ìdìmú fún ẹni ẹ̀yìn. Ibi ìtẹ́sẹ̀ wà. Ìdìmú kọ́, mo ní kó di ìbàdí mi mú.

A ò tíì rìn tó máìlì mẹ́ta tí a fi já sí kòtò kan. Mo gbọ́ "gbàrà!" lábẹ́ ìjókòó, òórùn rọ́bà ta sókè. Mo tẹ bíréèkì, mọ́tò tó wà lẹ́yìn wa fun fèrè kíkankíkan, ó yà bàrà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nígbà tí a dúró, ọwọ́ ìyàwó mi ń gbọ̀n. Òun ló kọ́kọ́ rí i pé iná bíréèkì ò tàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ìdí àwọn bóòtù yẹn kọjú sí táyà. Pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì kúkúrú àti ìwúwo ẹni méjì, táyà gòkè bá wọn. Wọ́n ya ojú táyà, táyà sì já wáyà iná bíréèkì tí mo gbà gba abẹ́ mọ́dígáàdì. Ẹni tó wà lẹ́yìn wa ò mọ̀ pé mo fẹ́ dúró.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe wẹ́dà l'Óṣogbo. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó ní, "Ìwọ tó o bọ Ògún kó o tó gé ìta, ta lo ní kó bá ẹ wo inú?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ó ní ká wọn ọ̀pá dídán ṣọ́ọ̀kì: bí ìyẹn bá ṣe lè wọlé tó, táyà á gòkè tó bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ lè lé díẹ̀. Ká tó gé ohunkóhun ló yẹ ká mọ̀ ọ́n.

Mo dá ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ padà. Mo ra táyà tuntun. Mo fa wáyà gba inú ọ̀pá ẹ̀gbẹ́. Ìjókòó elénìyàn méjì àti okùn ìdìmú ẹ̀ náà padà sáyè wọn, orí bóòtù pẹlẹbẹ ló wà lápá táyà báyìí. Mọ́dígáàdì ṣì kúrú, ìyẹn ò yí padà, ó sì ṣì wù mí.

Oṣù méjì ni Ìyá Ìbejì ò fi bá mi gùn ún. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ní Sátidé tó kọjá, ó jáde sí gáréèjì pẹ̀lú akoto lọ́wọ́ kan, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kejì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tan iná sábẹ́ mọ́dígáàdì, ó wò ó pẹ́. Ó ní kí n tẹ bíréèkì. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dé akoto mórí.