Bí Kò Bá Tíì Jò, Ẹ Gòkè Lọ Wò Ó

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwa onílé tí mo ti gbọ́ títí tó fi sú mi: "Kò kúkú jò. Kí la fẹ́ lọ wò lókè?" Bàbá onílé á sọ ọ́ fún ayálégbé. Ẹ̀gbọ́n á sọ ọ́ fún àbúrò níbi ìpàdé ẹbí. Káfíńtà á wá, á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun yẹ òrùlé wò kí òjò tó dé, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n á fi dá a padà. Òun ni mo torí ẹ̀ kọ ìwé-pẹlẹbẹ yìí. Irọ́ ni. Ó ń wó ilé onílé, ó sì fẹ́ẹ̀ẹ́ wó tiwa.

Ilé tí bàbá wa kọ́ ní Ìbàdàn lọ́dún 1978 ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Òkúdù, àjà yàrá màmá wa já lulẹ̀ lódindi. Ìṣọ́ òru tí wọ́n lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kó wọn yọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá pákó, eruku, ìtẹ́ ẹyẹ àti ìgbẹ́ àdán lórí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí wọ́n máa ń gbé orí lé gan-an. Ohun tó sì bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀ ni pé yàrá yẹn kò jò rí. A ò gbé bàsíà síbẹ̀ rí, a ò fi àkísà nu ilẹ̀ rẹ̀ rí nítorí òjò. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn igi tó já, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò mi wọlé ṣìn-ìn bí ẹni tẹ ẹ̀kọ tútù. Òjò ti ń mu igi náà láti ọdún gbọọrọ. Díẹ̀díẹ̀ lomi ń bọ́ sórí àjà, àjà ń fà á mu, oòrùn ń gbẹ ẹ́, òjò mìíràn ń dé. Àwa tí à ń sùn lábẹ́ rẹ̀ ń dúpẹ́ pé òrùlé wa le.

Awọ fẹ́lẹ́ ló bonú tí kò jẹ́ ká rí ikùn aṣebi. Iṣẹ́ tí àjà ń ṣe fún òrùlé nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá rí àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú lójú àjà, ẹ má ṣe pè é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn. Igi ti mu omi yó kó tó kàn yín.

Bàbá káfíńtà kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló mú mi gòkè lẹ́yìn ìgbà náà. Wọ́n fa ìṣó kan yọ pẹ̀lú ìka lásán, láìlo òòlù rárá, wọ́n nà án sí mi. Ìṣó páànù ní fìlà lórí. Lábẹ́ fìlà náà, rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà tí kò tó owó kọ́bọ̀ ayé ọjọ́un ní fífẹ̀. Rọ́bà yẹn ló ń dí ihò tí ìṣó gbà kọjá. Gbogbo páànù orí ilé yín, bó ti wù kó wọ́n tó, rọ́bà ni kò jẹ́ kó di asẹ́. Bàbá fi ìka méjì fún un, ó di ìyẹ̀fun dúdú. Oòrùn ti sun ún kú. Wọ́n ní, "Gbogbo wọn bó ṣe rí nìyí." Mo wo òrùlé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo rí orí ìṣó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti yọrí sókè bí ọmọ tó ń yọjú lójú fèrèsé.

Kí ló ń fà wọ́n sókè? Ooru àti òtútù ni. Irin a máa gùn bí ó bá gbóná, a máa súnkì bí ó bá tutù. Páànù alumíníọ̀mù onímítà 6, tí oòrùn ọ̀sán bá fi ìwọ̀n 40 gbóná ju bó ṣe rí lóru lọ, á fi nǹkan bíi mílímítà 5 àti ààbọ̀ gùn sí i. Ìyẹn fẹ̀ ju ìṣó fúnra rẹ̀ lọ. Ó ń nà lọ́sàn-án, ó ń súnkì lóru, lójoojúmọ́, pàápàá nígbà ọ̀yẹ́ tí ọ̀sán ń jó tí òru sì ń mú. Ìṣó tó há sáàárín ń mì, ihò rẹ̀ ń fẹ̀, igi tó dì í mú ń dẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí ẹ̀kán òjò kan tó dá sí i. Ẹni tó ń dúró de òjò kó tó mọ̀ pé òrùlé bàjẹ́, ó ti pẹ́.

Àwọn tó gba irọ́ yẹn gbọ́ ní ẹ̀rí tí wọ́n máa ń nà sí mi. Wọ́n á ní kí n wo ilé àwọn àgbà: páànù tó ti wà lórí rẹ̀ láti bí ọgọ́ta ọdún, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ gun Òkè Mápó, ká dúró níwájú gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, ká wo ìsàlẹ̀. Òrùlé Ìbàdàn tẹ́ rẹrẹẹrẹ, ó pupa, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú débi tí ojú lè dé. Àwọn èèyàn ń ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ń fi yangàn. Mo fẹ́ràn ìlú yìí, ṣùgbọ́n mi ò ní fi àìsàn pe ẹwà. Páànù kò pupa nígbà tí wọ́n ń kàn án. Ó ń dán bíi fàdákà. Sínńkì ni wọ́n fi bo irin náà, sínńkì ló sì ń kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ jì kí omi àti afẹ́fẹ́ má bàa kan irin. Ọjọ́ tí sínńkì bá tán ni irin bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Pupa tí ẹ̀ ń rí láti Mápó, irin tó ń jẹ ara rẹ̀ ni. Páànù àtijọ́ nípọn ju èyí tí à ń rà lóde òní lọ ni kò fi tíì lu. Ìpọn rẹ̀ là ń jẹ láti ọjọ́ yìí, oúnjẹ ọ̀hún sì ń tán lọ. Bí wọ́n bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á nígbà tí ìpẹtà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fojú hàn, tí wọ́n sì kun ún lọ́dà, ọ̀pọ̀ wọn ni ìbá ṣì máa dán. Lẹ́bàá òkun, bíi Badagry àti Èkó, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ a tún máa mú ìpẹtà yá.

Pé àwọn àgbà kì í fọwọ́ kan òrùlé, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ọdún kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọdún Bẹẹrẹ. Bẹẹrẹ ni koríko tí wọ́n fi ń bolé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin á kó o wá sí ààfin, wọ́n á fi tún òrùlé ààfin ṣe. Ìforíbalẹ̀ fún ọba ni, ìtọ́jú ilé sì ni pẹ̀lú. Ẹ rò ó wò: àwọn babańlá wa sọ àtúnṣe òrùlé di ọdún, wọ́n fi ìlù sí i, wọn ò sì béèrè bóyá orí Aláàfin ti tutù kí wọ́n tó dé. Nígbà tí páànù dé, a ju koríko nù, a ju ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀ nù pẹ̀lú.

Ní báyìí, alumíníọ̀mù ló wà lóde, ẹni tó ń tà á á sì búra fún yín pé kì í dógùn-ún. Òótọ́ ni, kì í pọ́n bíi ti irin. Ṣùgbọ́n ìṣó tó dì í mú ń kọ́? Rọ́bà ń kọ́? Igi tí ikán lè gùn láti inú ògiri dé òkè ń kọ́? Ọ̀tá alumíníọ̀mù sì tún wà tí ọ̀pọ̀ bíríkìlà kò kà sí: sìmẹ́ǹtì tútù. A máa jẹ ẹ́. Ẹ wo àwọn ilé ìgbàlódé tí wọ́n mọ ògiri yí òrùlé ká, tí gọ́tà fara pamọ́ sáàárín. Níbi tí páànù ti kan ògiri, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń fi dí i. Kò ní pẹ́ tó fi máa sán, omi á wá máa gba ojú sísán náà wọ inú ilé. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Àwa la fi ọwọ́ ara wa la ẹnu ògiri náà. Ewé máńgòrò kan ṣoṣo sì tó láti dí ojú ihò gọ́tà inú ibẹ̀.

Ẹ fojú inú wo bí omi náà ṣe pọ̀ tó. Ilé tó gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 10, bí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ sí i lọ́jọ́ kan, lítà 6,000 ló bọ́ sórí rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 240 nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ ń wá ọ̀nà àtisọ̀kalẹ̀. Bí gọ́tà bá dí, á gba ibòmíràn. Bí kò bá sì rí ibòmíràn gbà, á dúró síbẹ̀ bí adágún, ẹ̀fọn á yé sí i.

Àwọn kan ní káfíńtà tó ń gun òrùlé gan-an ló ń lù ú. Mi ò ní jiyàn èyí pátápátá, mo ti rí àwọn tó ń rìn lórí páànù bí ẹni ń jó. Àwọn tó ń gbé páńẹ́ẹ̀lì sólà àti díìṣì náà ń bẹ lára wọn: wọ́n á lu ihò, wọ́n á di ohun wọn mọ́ ọn, wọ́n á gba owó, wọ́n á lọ. Ọ̀nà tí a ń gbà rìn lórí rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ojú ìlà ìṣó ni kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀, nítorí igi wà lábẹ́ ibẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́yìn òjò, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Òrùlé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni kí ẹ má gùn rárá, ẹ má sì ha á, ẹ má fayùn rẹ́ ẹ. Eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, a sì máa fa jẹjẹrẹ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kí ẹ pè.

Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ni kò tilẹ̀ la gígun òrùlé lọ. Ẹ wọ inú àjà lọ́sàn-án gangan, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ kí ojú yín mọ́ òkùnkùn lára. Gbogbo ihò ló máa tàn bí ìràwọ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí wọn. Bí ẹ bá sì rí àbàwọ́n lójú àjà, ẹ má dí òkè ibẹ̀ gan-an kẹ́ ẹ rò pé ó parí. Omi kì í ja bọ́ níbi tó ti wọlé. Igi ló máa ń gùn lọ, ó lè rin mítà méjì kó tó kán. Òkè lẹ máa wá a sí, níbi tí òrùlé ti ga ju ojú àbàwọ́n lọ. Àìmọ èyí ló fà á tí àwọn kan fi ń da ọ̀dà sójú kan náà lọ́dọọdún tí ilé wọn ò yé jò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ilé ẹbí. Ọmọ mẹ́jọ jogún ilé kan, kò sẹ́ni tó ra ìṣó. Gbogbo wọn ń gba nínú owó ilé, olúkúlùkù ń dúró de ẹnì kejì, ilé ń kú lọ lórí àwọn ayálégbé. Mo bẹ yín, ẹ yọ owó òrùlé sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó pín ohunkóhun. Owó páálí ìṣó àti owó iṣẹ́ káfíńtà ọjọ́ kan ò lè bá owó òrùlé tuntun dọ́gba láéláé. Onílé tó bá sì ní kí ayálégbé máa fi owó ara rẹ̀ tún òrùlé ṣe, ilé tirẹ̀ ló ń jẹ́ kó bàjẹ́.

Oṣù Èrèlé, kí ìjì àkọ́rọ̀ òjò tó bẹ̀rẹ̀, ni à ń yẹ òrùlé tiwa wò. Ìjì yẹn kì í ṣí òrùlé tí ìṣó rẹ̀ dì mú dáadáa bọ̀rọ̀. Èyí tó ti dẹ̀ ló ń kó lọ, àwa a sì ní ayé ló ṣe wá. A tún ń padà gòkè nínú oṣù Ògún, nígbà tí òjò bá sinmi. Lọ́dún yìí, a pààrọ̀ ìṣó mẹ́tàdínlógún, a kó ìtẹ́ ẹyẹ ológoṣẹ́ kan kúrò nínú gọ́tà, a kun ojú méjì tó fẹ́ pọ́n. Àárọ̀ kan ló gbà wá. Màmá dúró nísàlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ṣíji bojú, wọ́n ń tọ́ka: "Ẹ wo apá ọ̀tún yẹn. Ọ̀kan tún yọrí níbẹ̀."