Lẹ́tà láti Kansas City: Ẹ Má Dúró Dé Ìyìn Àjèjì

Ẹ̀yin ará ilé,

Ọ̀rọ̀ José Méndez, ọmọ Kúbà tó ṣiṣẹ́ nílùú yìí láyé àtijọ́, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Cárdenas ni wọ́n bí i sí, ní agbègbè Matanzas, níbi tí àwọn Lùkùmí, ìran Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, ti ń bọ òrìṣà títí dòní. Eré baseball ni wọ́n fẹ́ràn níbẹ̀ bí a ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá. Méndez ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Almendares nígbà tí Cincinnati Reds, ẹgbẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, wá bá wọn díje ní Havana lọ́dún 1908. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá dáadáa. Almendares borí, 1-0. Lápapọ̀ nínú àwọn eré tó bá wọn ṣe, Méndez ju abala eré 25 léraléra láìjẹ́ kí àwọn àlejò náà gba ayò kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ ńlá tó gbà á, torí aláwọ̀ dúdú ni. Lọ́dún 1911, Cincinnati yìí kan náà mú ọmọ Kúbà méjì, Armando Marsans àti Rafael Almeida, torí wọ́n kà wọ́n sí aláwọ̀ funfun.

Méndez kò káwọ́ gbera. Nígbà tí apá ń dùn ún, ó lọ dúró sí ipò mìíràn lórí pápá. Ó wá di olórí Kansas City Monarchs, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Lọ́dún 1924, tí àwọn líìgì aláwọ̀ dúdú kọ́kọ́ ṣe ìdíje àṣekágbá láàárín ara wọn, òun fúnra rẹ̀ ló ju bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Hilldale, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá díje, kò gba ayò kankan. 5-0 ni Monarchs fi gbégbá orókè.

Ó kú lọ́dún 1928. Lọ́dún 1939 ni Kúbà yan àwọn akọni baseball wọn àkọ́kọ́, wọ́n sì fi Méndez, Marsans àti Almeida sára wọn. Ọdún 2006 ni ilé ìyìn àwọn akọni baseball ní Cooperstown, Amẹ́ríkà, tó gbà á wọlé.

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń darí eré ìdárayá ládùúgbò, mo bẹ̀ yín: ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ wa sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n díje àti ohun tí wọ́n ṣe, kí ẹ sì yìn wọ́n lójú ayé wọn. Bí àjèjì bá wá mọ rírì wọn lọ́la, kó bá ìwé yín nílẹ̀.

Èmi ni,
Ọmọ yín ní Kansas City