Ta Ló Ń Jẹ́ 82?

Bí a bá dárúkọ 82 létí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Àpẹ̀tẹ̀, Amẹ́ríkà ni ọkàn wọn yóò lọ tààrà. Wọ́n mọ Dífísọ̀n 82 ti Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fò bọ́ láti inú bàálù sí ilẹ̀ Normandy ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà, 1944. Wọ́n ti wò ó nínú fíìmù. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n pé kí ló dé tí ilé iṣẹ́ ológun Nàìjíríà fi ní Dífísọ̀n 82 ní Enugu àti 81 ní Èkó, wọn a ní bóyá àwọn ọ̀gá sójà wa ń fara wé Amẹ́ríkà ni. Irọ́ gbáà! Ogún tí àwọn baba wa gbé bọ̀ láti Bọ́mà ni nọ́ńbà méjèèjì, níbi tí Dífísọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bá Japan jà lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì.

Èmi kò bínú sí àwọn ọmọ náà. Àwa alákọ̀wé ni mo ní ẹjọ́ bá, nítorí ó ti pẹ́ tí a ti ń gbà á gbọ́ pé àwọn sójà Bọ́mà kò ju aláàárù lọ, pé ẹrù ni wọ́n ń rù nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń jagun. Bí a bá sì ní kí a fi ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan wé èkejì, Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a ń pè síwájú. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí a ṣe àfiwé náà bó ti yẹ. Nínú igbó àríwá Bọ́mà ní 1944, ẹgbẹ́ méjì wà tí a lè fi wéra láìṣe ojúsàájú. Èkíní ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Merrill's Marauders, nǹkan bí 3,000 ọkùnrin tí wọ́n fínnú-fíndọ̀ yọ̀ǹda ara wọn. Èkejì ni Bìrìgéèdì 3 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyíinì ni bàtálíọ̀nù 6, 7 àti 12 ti Rẹ́jímẹ́ǹtì Nàìjíríà, tí wọ́n yọ kúrò lára Dífísọ̀n 81 kí wọ́n lè bá Ọ̀gágun Orde Wingate lọ nínú ẹgbẹ́ tí ayé mọ̀ sí Chindit. Ọ̀nà ìjà Wingate kan náà ni àwọn méjèèjì kọ́ ní India. Bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Ibà, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti òjò kan náà ló bá wọn fínra. Láti àárín oṣù Karùn-ún, ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan náà, Joseph Stilwell, ló ń pàṣẹ fún wọn.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni kí àwọn olólùfẹ́ fíìmù fetí sí. Ẹsẹ̀ ni àwọn Marauders fi rìn wọ Bọ́mà láti Ledo. Ìrìn náà kì í ṣe kékeré, wọ́n sì gba pápá bàálù Myitkyina ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Karùn-ún. Ẹni tó bá tẹ́ńbẹ́lú wọn kò mọ ogun. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Nàìjíríà ni bàálù gbé. Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹta, àwọn ọkọ̀ òfurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí Dakota ń fi okùn fà, kó àwọn Chindit àkọ́kọ́ balẹ̀ sáàárín igbó nínú òkùnkùn. Láàrin bí ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan bí 9,000 ọkùnrin ti wà lẹ́yìn ilà ogun Japan, tàwọn ti ìbaaka wọn. Kò pẹ́ sí i tí Dakota fi gbé àwọn tiwa balẹ̀ sí pápá tí wọ́n sọ ní Aberdeen, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì wọ bàálù rí kí wọ́n tó wọ iṣẹ́ ológun. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n wà lára àwọn tó gbèjà White City, ibùdó tó dí ojú irin mọ́ Japan, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára àwọn páráṣúùtì funfun tó há sórí igi. Léraléra ni Japan kọlù ú, wọn kò rí i gbà. Nígbà tí àwọn Chindit fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, àṣẹ ni wọ́n tẹ̀ lé. Ní oṣù Kẹjọ, bìrìgéèdì yìí wà lára àwọn Chindit tó kúrò lójú ogun kẹ́yìn. Ṣé iṣẹ́ aláàárù nìyẹn?

Àti pé, kí ló burú nínú ẹrù? Ní àfonífojì Kaladan, níbi tí àwọn yòókù nínú Dífísọ̀n 81 ti ń jà, àwọn ọmọ wa la ọ̀nà nǹkan bí 75 máìlì gba orí òkè. Nígbà tí ọ̀nà náà tán, bàálù ló ń bọ́ wọn, orí ènìyàn ló sì ń gbé ohun tí bàálù jù sílẹ̀ dé iwájú. Amẹ́ríkà fi ìbaaka ṣe irú iṣẹ́ yìí, a sì ń kan sáárá sí wọn. A fi orí ṣe é, a wá ń tijú.

Àwọn kan á tún ní Hausa ni gbogbo wọn, kò kan Yorùbá. Òótọ́ ni pé èdè Hausa ni wọ́n ń sọ ní báréékì. Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹmúrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ ni Isaac Fadoyebo, tí ọta Japan bà ní Kaladan ní 1944, tí àwọn ará abúlé sì fi pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ìtàn ara rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999. Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ni Bíyì Bándélé, tí bàbá rẹ̀ ja ogun náà, fi kọ ìtàn àròsọ rẹ̀ nípa àwọn Chindit ọmọ Nàìjíríà ní 2007. Amẹ́ríkà ṣe fíìmù nípa àwọn Marauders ní 1962; ní 2020 ni òfin ilẹ̀ wọn fún ẹgbẹ́ náà ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà.

Èmi kò ní kí ìjọba ṣe fíìmù. Ohun tí mo ń bèèrè kò tó bẹ́ẹ̀: ẹni tí ìwé ìsanwó sójà bàbá rẹ̀ tàbí bàbá bàbá rẹ̀ bá wà nínú àpótí, kí ó ṣí i, kí ó wo nọ́ńbà bàtálíọ̀nù tó wà níbẹ̀, bóyá 6, 7 tàbí 12, kí ó sì fi èdè Yorùbá kọ ohun tí bàbá náà sọ sílẹ̀, kí ikán tó jẹ ìwé náà tán.