Òrùlé Ọkọ̀ Tí A Ń Sùn Nínú Rẹ̀



Ìbéèrè kan dé ọ̀dọ̀ wa láti ọwọ́ baálé ilé kan tí ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ra ògbólógbòó ọkọ̀ Volkswagen, irú èyí tí a to ibùsùn, kọ́bọ́ọ̀dù àti sítóòfù gáàsì sínú rẹ̀, kí òun àti aya rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn lè máa fi lọ sí etí òkun. Ṣùgbọ́n ní òru òtútù, omi a máa kán sí wọn lára láti òkè, bẹ́ẹ̀ ni òjò kò rọ̀. Ó ní òun ti ra aṣọ àjà tuntun, ó sì ń béèrè bí a ti ń lẹ̀ ẹ́. A bẹ̀ ẹ́ kí ó fi aṣọ náà pamọ́ ná.

Irú ọkọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa, nítorí òun ni wọ́n fi ṣe danfo ní Èkó fún ọdún púpọ̀. Ní Jámánì, ní 1950, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é. Ní 1951 ilé-iṣẹ́ Westfalia sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ di ilé kékeré. Ní Brazil, wọn kò dáwọ́ dúró títí di 2013. Yálà èrò ni ó ń kó tàbí àwọn tí ń sùn, òrùlé rẹ̀ kò ju irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, irin a sì máa gbé ooru kọjá ju fóòmù lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún.

Níbo wá ni omi náà ti ń wá? Láti inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni. Èémí àwọn tí ń sùn kún fún omi tí ojú kò rí. Bí ó bá kan irin tútù, a di ìrì. Ti sítóòfù tún wá ga jù: kìlógíráàmù 1 gáàsì propane tí ó bá jó tán a máa mú omi tí ó ju kìlógíráàmù 1 àbọ̀ lọ jáde. Ẹni tí ó bá ń se ẹ̀wà nínú ọkọ̀ tí ó ti fèrèsé rẹ̀ pa, òrùlé ni ó ń bu omi sí.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tú àjà àtijọ́ sílẹ̀ pátápátá, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí púláíwúùdù rẹ̀ má baà fọ́, nítorí òun ni ẹ ó fi wọn tuntun. Ẹ bo imú nítorí eruku. Etí gọ́tà tí ó yí òrùlé ká, àti ibi tí àwọn egungun irin ti kàn án, ni ìpẹtà máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí irin yóò fi mọ́. Bí ó bá ti lu, ẹ pe wẹ́dà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ kùn ún ní ọ̀dà tí ń dènà ìpẹtà, kí ẹ sì da garawa omi lé òrùlé láti òde, kí ẹ dúró nínú ọkọ̀ kí ẹ máa wò ó. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ní ti ohun tí a ó tẹ́ sí i, òwú tí a fi gíláàsì ṣe kò wù wá níhìn-ín, nítorí a máa gba omi dúró, a sì máa wọ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n. Fóòmù tí omi kò lè wọ inú rẹ̀ ni a yàn. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin tímọ́tímọ́, kí atẹ́gùn má ráyè láàárín wọn, kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí oòrùn kò lè yọ́. Ẹ má gbàgbé àwọn egungun irin wọ̀nyẹn o! Ẹni tí kò bá bò wọ́n yóò rí ìlà omi lára wọn ní òwúrọ̀. Bébà fàdákà tí àwọn kan ń lẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ irin, owó òfò ni. Kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá sí àyè níwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó ju ti àjà lọ. Bí ọkọ̀ bá ti ń móoru, àwọn ẹlòmíràn a máa dí ihò atẹ́gùn, wọn a sì fi sítóòfù sílẹ̀ kí ó máa jó ní òru. Sítóòfù ìdáná kì í ṣe ti ìyáná. Bí atẹ́gùn kò bá tó o, a máa tú kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáídì jáde, èyí tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun láìjẹ́ pé ó jí. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń ké nígbà tí èyí bá ń pọ̀. Kí baálé ilé wa rà á kí ó tó ra gọ́ọ̀mù.